Nọ́ńbà Ìkẹyìn Lára Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta

Lọ́jọ́ tí ojú mi kọ̀ láti ka ohun tí wọ́n kọ sára tiransítọ̀ mọ́, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì lọ jókòó. Mi ò pe ẹnikẹ́ni wá bá mi ṣe ìdágbére. Áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń jó òjé wà lórí tábìlì, mítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn òkú rédíò tí olówó wọn ò padà wá gbé sì wà lórí pẹpẹ bí wọ́n ṣe wà. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó bá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ orí kọ́ sórí rédíò ẹlòmíràn mọ ohun tí ọrùn àti ẹ̀yìn máa ń sọ tó bá dìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àárẹ̀ ọrùn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Àárẹ̀ kan wà tó ti ń bá mi gbé láti ilé ọ̀gá mi, òun ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì pé iṣẹ́ wo lẹ ó kọ́ gbọ́ lẹ́nu mi, kí ẹ tó lọ wólẹ̀ níwájú ọ̀gá kankan.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn ní sísọ. Òkèhò ni wọ́n bí mi sí. Tábà àti iṣu ni bàbá mi ń gbìn. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, agbára wọn ò gbé ju ìyẹn lọ, ìyá mi bá mú mi lọ sí Ìsẹ́yìn, sọ́dọ̀ atúnrédíòṣe kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Súbéérù. Wọ́n ní ọdún mẹ́fà. Mo ní mo gbọ́. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà láàárín àwọn ahunṣọ. Láti àárọ̀ ni òfì wọn ti ń dún lọ́tùn-ún lósì, tó jẹ́ pé bí a bá tún rédíò ṣe tán, a óò ní láti gbé e mọ́ etí ká tó mọ̀ bóyá ó ń sọ̀rọ̀. Iná ìjọba ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Inú ẹyín èédú la ń ti áyọ́ọ̀nù bọ̀ títí yóò fi gbóná tó láti yọ́ òjé. Ọdún kan gbáko ni mo fi fẹ́ èédú láìfọwọ́ kan inú rédíò. Rédíò onígílóòbù, àwọn ńlá tó ń gbóná bí ààrò, ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Rédíò kékeré oníbátìrì ló kún ìlú àti oko, tiransítọ̀ ló sì wà nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí, ẹ wo nǹkan tí ò tó orí ìka ọwọ́, tó dé fìlà páànù, tó ní ẹsẹ̀ wáyà mẹ́ta. Àwa ọmọ iṣẹ́ ń pè é ní ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta. Òun ló ń gba ohùn tó tín-ín-rín tó sì ń sọ ọ́ di ohùn tí àgbàlagbà lè gbọ́.

Ọ̀gá mi ní agolo mẹ́ta tó kún fún ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta tó tú lára òkú rédíò. Láràárọ̀ tó bá ti ìrun àárọ̀ dé, á da agolo kan sínú abọ́ funfun, á mú ọ̀kan pẹ̀lú ẹmú, á nà án sí mi.

"Kí lorúkọ eléyìí?"

"AC 128 ni, sà."

"A ńkọ́?"

"Ẹ̀yà àtijọ́ ni, sà, tí ooru ń tètè pa. Ká ní B ni, ẹ̀yà tuntun ni, ìyẹn ń fara da ooru."

"C ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ohùn kékeré, sà. D ni fún iṣẹ́ ohùn ńlá. F ló ń mú ohùn láti ojú òfuurufú."

"128 ńkọ́?"

"Agbára tó ní ni, sà."

Ó fi ẹmú gbá mi ní kókó ọwọ́. "Ọmọ ìkelòó ni ìwọ nínú àwọn ọmọ ìyá ẹ?"

"Ìkẹta, sà."

"Ṣé apẹ̀rẹ̀ iṣu mẹ́ta lo wá ń rù láti oko?"

Àwọn ahunṣọ tó gbọ́ fi mí rẹ́rìn-ín títí tí owú fi já lọ́wọ́ ẹnìkan nínú wọn. Ọ̀gá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nọ́ńbà yẹn, bí wọ́n ṣe forúkọ wọn sílẹ̀ tẹ̀léra ni. Orúkọ máa sọ ìdílé tó ti wá fún ọ, á sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé wọn. Ẹrù tó lè rù, wọn kì í kọ ọ́ sí i lára. Inú ìwé lò ń lọ wò ó."

Ìwé náà wà nínú àpótí abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ṣakí ló ti rà á lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ná ọjà Parakú, èdè Faransé sì ni wọ́n fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Faransé nínú wa. Ọ̀gá mi ní nọ́ńbà ò gbọ́ Faransé, kò sì gbọ́ Yorùbá, ibi tó bá dúró sí náà ló dúró sí. Ó fi ìka hàn mí ibi tí wọ́n kọ iye fóòtì tí ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta kọ̀ọ̀kan lè rù kó tó bẹ́. Fóòtì yìí, ẹ jẹ́ ká sọ pé òun ni agbára tí iná fi ń ti ara rẹ̀ síwájú. Bó bá pọ̀ ju ohun tí ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta lè gbà mọ́ra lọ, ó parí fún un nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kan: BC 107, BC 108, BC 109. Ẹ ò lè fojú yà wọ́n. Ìdílé kan, iṣẹ́ kan, fìlà kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wọn, 107, lè ru fóòtì márùndínláàádọ́ta, ogún péré sì ni ti àwọn àbúrò. Nínú rédíò kékeré tó ń jẹ fóòtì mẹ́sàn-án, bí o bá fi àbúrò sípò ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Rédíò á sọ̀rọ̀, olówó á dúpẹ́. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti kọ́ ọ̀lẹ, nítorí ẹni tí nǹkan ò bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ kì í wo ìwé mọ́.

Òfin kan wà tí ọ̀gá mi fi lélẹ̀. "Kíkà ni. Ẹni tí ò bá rí i, kó ní òun ò rí i. Mi ò ní nà án. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ohun tí kò rí sí mi létí…" Kì í parí rẹ̀. A ò sì bi í.

Mo rántí bàbá àgbẹ̀ kan tó ti Tẹ̀dé gbé rédíò wá, tó di ọparun gígùn mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ̀yin àgbà máa rántí àṣà yẹn. Bí bátìrì bá kú, a kì í sọ ọ́ nù. A máa sá a sóòrùn, a ó tò ó sínú ọparun, òkú mẹ́wàá sì máa ń ṣe iṣẹ́ alààyè mẹ́fà. Bàbá yìí to mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n bátìrì tuntun ni gbogbo wọn. Fóòtì mọ́kànlélógún wọ inú rédíò fóòtì mẹ́sàn-án, èéfín yọ.

"Mo fẹ́ kó sọ̀rọ̀ sókè ni," bàbá náà wí.

"Bàbá," ọ̀gá mi dá a lóhùn, "bí ẹ bá fún ọmọ kan lóúnjẹ ọmọ mẹ́ta, ṣé á fi ẹnu mẹ́ta kí yín?"

"Rárá o. Inú ló máa run ún."

"Òun náà ló ń run rédíò yín yìí."

Nínú gbogbo iṣẹ́ ọ̀gá mi, ọwọ́ rẹ̀ ló ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ooru áyọ́ọ̀nù máa ń pa ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta bí èèyàn bá pẹ́ lórí rẹ̀, áyọ́ọ̀nù eléédú ò sì ní ohun tó ń dín in kù. Ọ̀gá mi á gbé e súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, láìjẹ́ kó kan ara, á ní, "Ó kù díẹ̀," tàbí, "Jẹ́ kó sinmi." Tó bá tó, á fi ẹmú di ẹsẹ̀ wáyà mú, á fi òjé kàn án, á sọ pé Bísímílà lẹ́ẹ̀mẹta, á gbé ọwọ́ kúrò. Kò ní pé lẹ́ẹ̀mejì, kò ní pé lẹ́ẹ̀mẹrin. Ojú ibi tó bá jó á máa dán bí ojú ẹja tútù.

Ní ọdún kẹrin mi ni mo kíyè sí i pé kò wo nǹkan tó ń bi mí mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kà á, á gbé e sójú, á ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbà tó yá, ó kàn ń gba ohun tí mo bá kà. Èéfín èédú àti ti òjé ti ń jẹ ẹyinjú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ìkùukùu funfun sì ti ń bò ó. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kudi, pè mí sẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ ẹ̀wà.

"Mùfú, o ti rí i, àbí?"

"Mo ti rí i, mà."

"Ohun tí ojú ẹ rí, kí ẹnu ẹ má sọ ọ́. Bí ìlú bá gbọ́ pé ojú Bàbá Kudi ti lọ, ta ló máa gbé rédíò wá fún afọ́jú? Ìwọ ni ojú ẹ̀ báyìí. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èmi ń kà, òun ń jó, iṣẹ́ ń lọ. Mo gbéra ga díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Inú mi dùn pé láìsí mi, ọ̀gá mi ò lè ṣe é.

Ọdún yẹn ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn yídì àdúgbò wa yadi nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú ẹ̀rọ lẹ lè máà mọ̀ pé kó tó dé, àwọn èèyàn kan wà láàárín ìlà ìrun tí iṣẹ́ wọn ni láti gba ohùn Lèmọ́mù. Lèmọ́mù á ké kábárá, ẹni tó wà ní ìlà karùn-ún á gbà á, ẹni tó wà ní ìlà kẹwàá á gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí yóò fi kan àwọn tó wà lábẹ́ igi ẹmi lẹ́yìn pátápátá. Bàbá Tìjání ni olórí wọn. Ohùn rẹ̀ máa ń jí ẹyẹ. Nígbà tí ìjọ ra ẹ̀rọ, àwọn àgbà ò tètè fọkàn tán an, wọ́n ṣì ń fi àwọn agbàhùn sí ìdúró. Ọ̀gá mi ló lọ bá Lèmọ́mù lọ́dún náà. Ó ní òun máa tún un ṣe, òun sì fi orúkọ òun dúró fún un: kí wọ́n jẹ́ kí àwọn agbàhùn kírun wọn bí ará ìlú yòókù. Lèmọ́mù gbà. Gbogbo àdúgbò gbọ́.

Mo mọ ìdí tó fi ṣe é. Àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ kí yídì gbọ́ ọ.

A rí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta kan ti kú, BC 107. Bátìrì ọkọ̀ kan lè gbé ẹ̀rọ náà, ìyẹn fóòtì méjìlá, ṣùgbọ́n ní yídì, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, tiẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bí ogójì. 107 nìkan ló lè dúró níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n wá ọ̀kan nínú agolo.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Tìjání yọ sí wa. Ó fa ìjókòó, ó jókòó síwájú wa gan-an.

"Súbéérù, mo ní kí n wá wo ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ìsinmi ni mo wá fún yín."

"Ìsinmi. Ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ó máa ń ṣe àlùwàlá?"

A rẹ́rìn-ín. Mo ń wá inú agolo. Gbogbo ohun tí mo rí ni 108, 109, àti àwọn ìdílé mìíràn. Nísàlẹ̀ agolo ni mo ti rí ọ̀kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. BC hàn. Ọ̀kan hàn, òdo hàn. Nọ́ńbà ìkẹyìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ìlà kékeré kan ló kù lókè. Ó lè jẹ́ orí méje. Ó lè jẹ́ orí mẹ́jọ.

"Kà á," ni ọ̀gá mi wí, ọwọ́ rẹ̀ ti nà sílẹ̀ dè mí.

Ẹ bá mi dúró síbí yìí díẹ̀. Bí mo bá ní mi ò rí i, ohun tí ọ̀gá máa ń ṣe ni kó gbà á lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kó gbé e sójú ara rẹ̀. Bàbá Tìjání jókòó síwájú wa, kò ṣẹ́jú. Á rí i pé ojú yẹn ò rí nǹkan kan. Kó tó di àsáárì, ìlú á ti gbọ́. Mo ro ti Ìyá Kudi. Mo sì tún ro ti ara mi, nítorí ó ti sú mi láti máa wá, ilẹ̀ sì ti ń lọ. Èwo nínú méjèèjì ló wúwo jù, mi ò lè sọ fún yín dòní.

"BC 107 ni, sà."

Ó gbà á. Ó gbé áyọ́ọ̀nù súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bísímílà lẹ́ẹ̀mẹta. A so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀, a pè sí i, ó sì dáhùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ahunṣọ pariwo pé ká rọra. Bàbá Tìjání dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Ohùn ẹ̀ mọ́." Ó dùn mí fún un.

Lọ́jọ́ Iléyá, oòrùn tètè mú. Èmi ló wà nídìí ẹ̀rọ lábẹ́ igi, ọ̀gá mi wà ní ìlà kẹta, nínú aṣọ tuntun. Rákà kìíní lọ geere. Ohùn Lèmọ́mù ń dé gbogbo ibi, mo rí i tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń tẹ̀ tí wọ́n ń dìde pẹ̀lú àwọn tó wà níwájú bí aṣọ tí a ń gbọ̀n. Rákà kejì. Wọ́n forí kanlẹ̀. Mo gbọ́ kínní kan tó dún kẹ́ nínú ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìlà mẹ́rin iwájú gbọ́ Lèmọ́mù pẹ̀lú etí ara wọn, wọ́n dìde jókòó. Àwọn yòókù ò gbọ́. Iwájú orí wọn wà nílẹ̀, wọ́n ń retí. Èmi nìkan ni mo dúró tí mo ń wò ó: ẹ̀yìn èèyàn lọ salalu títí dé ìdí igi ẹmi, funfun, aláró, kò sẹ́ni tó mira. Mo yí bọ́tìnnì, mo gbá ẹ̀rọ. Níwájú, wọ́n tún forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún dìde. Lẹ́yìn, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mo ní ẹnu, mo lè ké e, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ni mo tún ń yí.

Bàbá Tìjání ló gbé orí sókè ní ìlà kẹjọ. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó gbà á: "Àláhù Àkúbárù!" Àwọn agbàhùn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀ níbi tí kálukú wà. Àwọn kan dìde jókòó, àwọn kan dìde dúró pátápátá, àwọn mìíràn rò pé Lèmọ́mù ti kú sórí ìrun. Lèmọ́mù ti sálámà tán kí àwọn tó wà lẹ́yìn tó mọ ibi tí wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ bóyá ìrun náà gbà tàbí kò gbà, odindi oṣù kan ni wọ́n fi jà á.

Bàbá Tìjání kọjá níwájú ọ̀gá mi. Kò pariwo rárá. "Súbéérù," ló wí, "ẹ̀rọ ẹ sùn lọ sórí ìforíkanlẹ̀." Àwọn tó gbọ́ bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọ̀gá mi láti ọjọ́ náà. Àwọn aláàárù pàápàá ń fi kí i.

A gbé ẹ̀rọ dé ilé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹran. Ọ̀gá mi ní kí n tú u.

"Èwo ló kú?"

"Èyí tá a fi sí i yẹn ni, sà."

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú ojú tí kò ríran, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ọwọ́ mi ni," ló wí. "Mo pẹ́ lórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ooru ti wọ inú ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, ó kàn ń dúró de oòrùn ni." Ó yí ojú sí ibi tí Ìyá Kudi wà. "Ojú lọ, mo ní ọwọ́ kù. Ó dáa. Ọwọ́ náà ti lọ."

Mo mú ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta náà lọ sẹ́yìnkùlé. Mo fi kẹrosíìnì nù ún, mo yí i lápá kan sí oòrùn. Ojú ọ̀dà ti lọ, ṣùgbọ́n ibi tó ti lẹ̀ rí ṣì hàn lára páànù. Mẹ́jọ ni. Mo jókòó sórí odó Ìyá Kudi. Mo ní bó bá di ọ̀la, màá sọ. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó la ẹnu, ọ̀gá mi pè mí, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé mi lọ́wọ́ lójú ìyàwó rẹ̀. "Mùfú, ìwọ ni wàá máa jó o láti òní lọ." Ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó lọ bá Lèmọ́mù, ó ní ẹ̀bi ọwọ́ òun ni, kí wọ́n dárí ji òun. Kò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù mọ́.

Báyìí ni mo ṣe di ọ̀gá. Nígbà tí mo gba òmìnira, ṣọ́ọ̀bù ló fà lé mi lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń sọ pé, "Ọmọ yìí mọṣẹ́ ju ọ̀gá ẹ̀ lọ." Mo ń dúpẹ́. Mo fi ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta náà sínú agolo ìpara kékeré, mo sì ń gbé e kiri lápò bí ẹni tó ń gbé oògùn.

Iná ìjọba dé, áyọ́ọ̀nù oníná dé pẹ̀lú rẹ̀, èédú parí, mo sì dá áyọ́ọ̀nù ọ̀gá mi padà fún un. Kásẹ́ẹ̀tì dé, tẹlifíṣọ̀n dé. Àwọn ará Jàpáànù kó tiwọn wá, 2SA, 2SC, ìdílé mìíràn, mo tún fi ọdún méjì kọ́ wọn. Áísí dé lẹ́yìn wọn, ọ̀kan ṣoṣo tó gbé ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta mì, tí a ò lè tú. Ìgbà tó yá, ayédèrú kún ọjà: a ó ra ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta tuntun, ọ̀dà ara rẹ̀ á máa dán, nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ sí àbúrò lára. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa ṣépè fún ẹni tó kọ ọ́. Èmi kì í bá wọn ṣẹ́ ẹ.

Ọdún kẹjọ lẹ́yìn Iléyá yẹn, mo lọ kí ọ̀gá mi nílé. Ìyá Kudi ń yọ ẹ̀gúsí. Ó ní, "Bàbá ẹ wà lọ́ọ̀dẹ̀, ó ń fi òrí ra ọwọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń ra á. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún òun ti kú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí ló kú lára ọwọ́ yẹn? Òun náà ló fi ń jẹun."

Mi ò lè wọlé. Mo padà sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà wá, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo ṣí agolo ìpara, mo sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ó yí i láàárín ìka. "Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti kán." Ó nà án padà sí mi. "Kà á fún mi."

"BC ni, sà. Ọ̀kan. Òdo. Nọ́ńbà ìkẹyìn ti pa rẹ́, sà. Mi ò rí i. Lọ́jọ́ tí mo kà á fún yín níwájú Bàbá Tìjání náà, mi ò rí i."

Òfì ń dún nílé kejì.

"Mẹ́jọ ni?"

"Mẹ́jọ ni, sà."

"Ìyá Kudi!" ó ké. "Ẹyín iná. Kí Mùfú lọ wá áyọ́ọ̀nù mi, ti àtijọ́, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

A fẹ́ èédú. Nígbà tó yá, ó gbé áyọ́ọ̀nù súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. "Jẹ́ kó sinmi," ló wí fún ara rẹ̀. Ó fi ìka wá orí wáyà méjì tí mo bá a dì mú, ó fi ẹmú sí i, ó fi òjé kàn án. Ó sọ pé Bísímílà lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Báwo ló ṣe rí? Má ka ohun tí o ò bá rí."

Mo wò ó. Mo tún un wò. "Ó ń dán, sà. Bí ojú ẹja."

Ó dúró kó tutù, ó fi àtàǹpàkò ra á lọ ra á bọ̀. Omi ń bọ́ lójú funfun méjèèjì. "Ọwọ́ mi ò kú," ló wí. Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ mi lódindi, tí kò pè rí láti ìgbà tí ìyá mi ti mú mi wá. "Ọdún mẹ́jọ, Mùfútáù."

Kò bú mi, kò sì sọ pé òun dárí jì mí. Láti ọjọ́ kejì, ó ń ní kí wọ́n mú òun wá sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi ń kà, òun ń jó, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ péré ló sì fi ṣe é kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ìgbàkígbà tí mo bá ní, "Mi ò rí i, sà," á mi orí, á ní kí n mú òmíràn.

Àwọn ọmọ mi bi mí pé kí ló dé tí mo fi ti ilẹ̀kùn, nígbà tí ọwọ́ mi ṣì le. Wọ́n ní kí n gba ẹnìkan sọ́dọ̀ tí á máa ka nọ́ńbà fún mi, kí n kàn máa jó o. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ṣùgbọ́n màá nawọ́ dè é, á dákẹ́ díẹ̀, á kà á sí mi létí, màá sì máa ronú nípa ìdákẹ́ díẹ̀ yẹn títí ilẹ̀ ọjọ́ náà á fi ṣú.